Ta Ni Yóò Yí Òkúta Kúrò Lẹ́nu Kànga?

Àyọkà Bíbélì: Jẹ́nẹ́sísì 29:1–10, Ẹ́kísódù 2:15–20, Mátíù 25:31–46

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ wá sí ilé ìsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Olúwa kò ní jẹ́ kí làálàá wa já sí asán.

Wọ́n ní kí èmi ìránṣẹ́ yín kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú ti oṣù yìí. Èmi kì í ṣe àlùfáà. Nọ́ọ̀sì ni mí, òǹkàwé lásán sì ni mí nínú ìjọ. Ohun tí mo mọ̀ ni ara ènìyàn, omi, iyọ̀ àti ọṣẹ. Nítorí náà, kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu bí mo bá sọ̀rọ̀ omi, iná àti ilé ìgbẹ́ nínú ìwé ìròyìn ìjọ. Ọlọ́run tí à ń sìn kò tijú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹ bá ṣí Diutarónómì orí 23, ẹsẹ 12 àti 13, ẹ ó rí i pé Ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti ní ibì kan lẹ́yìn ibùdó tí wọn yóò máa yà sí, kí wọ́n mú ohun ìwalẹ̀ dání, kí wọ́n sì bo ìgbọ̀nsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Bí Ọlọ́run bá lè sọ ọ́, ọmọ-ọ̀dọ̀ Rẹ̀ náà lè sọ ọ́.

ÒKÚTA TÍ Ó WÀ LẸ́NU KÀNGA

Nínú àyọkà wa àkọ́kọ́, Jákọ́bù ti sá kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ó rìn títí ó fi dé ilẹ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ni kànga kan nínú pápá, tí agbo àgùntàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹran, omi wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta ńlá wà lẹ́nu kànga náà. Jákọ́bù béèrè lọ́wọ́ àwọn darandaran pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n dáhùn pé kò ṣeé ṣe, àfi bí gbogbo agbo bá pé kí a tó yí òkúta náà kúrò. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Rákélì dé pẹ̀lú àgùntàn bàbá rẹ̀. Jákọ́bù nìkan ló sún mọ́ òkúta náà, ó yí i kúrò, ó sì fún àwọn ẹran lómi.

Nínú àyọkà kejì, Mósè náà ń sá lọ ni. Ó jókòó lẹ́bàá kànga ní ilẹ̀ Mídíánì. Àwọn ọmọbìnrin méje wá, wọ́n fa omi, wọ́n kún ọpọ́n ìmumi, àwọn ọkùnrin darandaran sì dé, wọ́n lé wọn kúrò. Mósè dìde, ó gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì fún ẹran wọn lómi. Nígbà tí wọ́n délé, ẹnu ya bàbá wọn pé wọ́n tètè dé lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ìyàlẹ́nu bàbá yẹn. Ó fi hàn wá pé wọn kì í tètè dé tẹ́lẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa omi tí ẹlòmíràn ń fi ipá lò, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún un fà, ojoojúmọ́ ni ilẹ̀ sì ń ṣú bá wọn. Ìyà wọn ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá wọn fi kà á sí bí ayé ṣe rí. Ọjọ́ tí ìyà náà dúró ni ó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì nípa àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí. Èkíní, àjèjì ni wọ́n. Àtìpó ni wọ́n ní ilẹ̀ onílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́. Èkejì, kànga náà kì í ṣe tiwọn. Kò sí ẹni tí ì bá bá wọn wí bí wọ́n bá jókòó, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Síbẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Bíbélì kọ sílẹ̀ pé wọ́n ṣe ní ilẹ̀ àjèjì ni pé wọ́n fún ẹni tí kò lágbára lómi.

N kò sọ pé òkúta náà burú fúnra rẹ̀. Òkúta lè dí erùpẹ̀ lọ́wọ́ kí ó má kó sómi, ó sì lè má jẹ́ kí ẹnì kan fa gbogbo rẹ̀ tán kí ẹlòmíràn tó dé. Ọ̀ràn ibẹ̀ ni pé: ta ni òkúta náà ń ṣiṣẹ́ fún? Ta ni ó sì ń dá dúró nínú oòrùn?

KÀNGA ONÍLÉ WA

Ìbàdàn ni a bí mi sí, ní àdúgbò Mọ́kọ́lá ni a gbé nígbà tí mo wà ní kékeré. Yàrá kan ni bàbá mi háyà nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Ìdílé mẹ́jọ ló wà nínú ilé náà, ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rọ ìjọba wà lẹ́bàá títì. Nígbà mìíràn omi ń yọ lẹ́nu rẹ̀, nígbà púpọ̀ atẹ́gùn ló ń fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n onílé wa ní kànga. Ó fi páànù bò ó, ó sì fi àgádágodo tì í. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, nígbà tí yóò bá fi di aago méje wọ́n ti tì í padà. Àwa ọmọ ayálégbé a tò pẹ̀lú korobá, a ó máa tì ara wa. Bí ọwọ́ bá kàn ọ́ nígbà tí aago méje lù, o di ọ̀la nìyẹn.

Onílé ní kí ọmọdé má baà jìn sí kànga ni òun fi ń tì í. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílé kì í tò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo pẹ́ dé iléèwé tí wọ́n sì nà mí, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ nínú ọkàn mi pé bí mo bá dàgbà, n óò ní kànga tèmi. Ẹ̀yin ará, ẹ wo ẹ̀jẹ́ náà dáadáa. N kò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọmọ kankan kò ní tò mọ́. Ẹ̀jẹ́ tèmi ni pé èmi kò ní tò mọ́. Lára ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀jẹ́ méjèèjì yìí ni ìwàásù mi ti jáde.

ÌBÉÈRÈ ÀWỌN TÍ Ń LỌ LÁTI ILÉ DÉ ILÉ

Ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń lọ láti ilé dé ilé láti mọ bí ìlera àwọn ènìyàn ti rí. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó lówó àti ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye owó tó ń wọlé fún ènìyàn ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, nítorí owó oko àti owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: Níbo ni ẹ ti ń rí omi mu? Irú ilé ìgbẹ́ wo ni ẹ ń lò? Ṣé iná mànàmáná wà? Kí ni ẹ fi ṣe ilẹ̀ yàrá, ṣé amọ̀ ni tàbí símẹ́ǹtì? Ṣé rédíò wà, ṣé kẹ̀kẹ́ wà? Ìdáhùn wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣírò pọ̀, tí wọ́n fi ń pín àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè sí ìpín márùn-ún ọgbọọgba, láti orí ẹni tó tálákà jù dé orí ẹni tó lówó jù. Nígbà náà ni wọn yóò wá wo ìpín tí ọmọdé ti ń kú jù, àti ìpín tí wọ́n ti ń yè.

Nígbà tí mo kọ́ nípa èyí, orí mi wú. Mo rí i pé ìbéèrè wọn jọ ti Mátíù orí 25. Ní ọjọ́ náà, Ọba kò ní béèrè iye tó wà ní báńkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ òùngbẹ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ àlejò àti ọ̀rọ̀ aláìsàn ni Yóò sọ. Ìyàtọ̀ kan ló wà: àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè ohun tí ó wà nínú ilé tìrẹ. Ọba yóò béèrè ohun tí ó wà nínú ilé ẹnì kejì rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìṣirò díẹ̀ wá. Nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2018, nínú ilé 10, bí 6 ló ní iná mànàmáná. Nínú ìlú ńlá ó lé ní 8 nínú 10, ní ìgbèríko ó jẹ́ bí 4. Ìwádìí mìíràn ní 2021 fi hàn pé bí mílíọ̀nù 48 ènìyàn ní Nàìjíríà ló ń yàgbẹ́ ní gbangba, nínú igbó, lẹ́bàá odò tàbí lórí ààtàn. Wáyà iná tó wọ ilé kò sì túmọ̀ sí pé iná wà. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ láti bí náírà 68 lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Bí ilé rẹ bá wà ní àdúgbò wọn, tí o sì lówó rẹ̀, o ní ìmọ́lẹ̀. Àwọn yòókù ń wo ìmọ́lẹ̀ náà láti òkèèrè.

Nísinsìnyí ẹ ṣírò omi pẹ̀lú mi. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá rù sórí jẹ́ kílò 25, láìka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Bí ilé ènìyàn márùn-ún bá pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lóòjọ́, lítà 75 nìyẹn, lítà 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti fi mu, se oúnjẹ, wẹ̀, fọ aṣọ àti fọ ọwọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lítà 50 sí 100 ni ènìyàn kan nílò lóòjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹnì kan ń lò tó bí 140. Ilé ìgbẹ́ ìgbàlódé wa ń lo bí lítà 6 nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fa omi sí i, ti àtijọ́ ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá fa á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, o ti da omi tó ju ìpín ọmọ yẹn fún odindi ọjọ́ kan lọ sínú kòtò.

Ó tún wà níbẹ̀ pé tálákà ló ń ra omi ọ̀wọ́n. Olówó a gbẹ́ bọ́hòòlù lẹ́ẹ̀kan, a gbé tánkì ró, omi rẹ̀ a máa ṣàn. Tálákà a máa ra á ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tàbí ní píọ́ wọ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá títì. Àádọ́ta píọ́ wọ́tà onílítà ààbọ̀ ni yóò kún kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹ fi owó rẹ̀ ṣírò, ẹ ó rí ẹni tó ń san jù. Nínú ìwé Ẹkún Jeremáyà, orí 5, ẹsẹ 4, àwọn tí a ṣẹ́gun ń sunkún pé owó ni àwọn fi ń ra omi tó jẹ́ tiwọn. Ẹkún náà kò tíì dá.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍLÉ

Ẹ̀yin ará, ó rọrùn láti bú ìjọba. Ó sì yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ìjọba, nítorí iṣẹ́ wọn ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 2010 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ẹ̀tọ́ ènìyàn ni omi mímọ́ àti ìmọ́tótó. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ni mo fẹ́ fi sùn lónìí. Ara mi ni.

Ní 2017, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi parí ilé kan ní ìlú wa ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi kọ́ ọ, owó iṣẹ́ òru ni a fi kọ́ ọ. A gbẹ́ bọ́hòòlù, a gbé tánkì méjì ró, a ra jẹnẹrétọ̀, a mọ ògiri yí i ká, a fi géètì sí i. Nígbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ń parí iṣẹ́, ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Àǹtí, páìpù kan ṣẹ́kù. Ṣé kí n fa ẹnu ẹ̀rọ kan sí ìta fún àwọn ará àdúgbò?” Mo ní rárá. Mo ní wọn yóò bà á jẹ́. Mo ní wọn yóò máa pariwo, àti pé ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀? Gbogbo ohun tí mo sọ ló bọ́gbọ́n mu. N kò rántí onílé wa rárá.

Ní oṣù Kejìlá 2019, a lọ sílé fún Kérésìmesì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí aago márùn-ún tó lù, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tí ń kọjá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Odò ni wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kan géètì. Mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan tí ń bẹ mẹ́gáàdì wa pé kí ó jọ̀wọ́ fún òun ní korobá omi kan. Mẹ́gáàdì ní ọ̀gá òun kò pàṣẹ rẹ̀. Mo wà lókè, fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ̀ mí láti ìrìn àjò. Mo yíjú sógiri, mo sùn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sáré wá pè mí pé nọ́ọ̀sì tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ kan ń yàgbẹ́ gbuuru, ó sì ń bì. Mo sáré lọ. Ilé kejì sí tiwa ni, ilé ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ojú ọmọ náà ti jìn wọnú, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, kò sí omijé nígbà tó ń sunkún. Mo fa awọ ikùn rẹ̀, awọ náà kò tètè padà. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ tèmi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ní kí wọ́n wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ ilé ìwòsàn, àti pé kí a tó lọ, n óò po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Mo yíjú sí ìyá àgbà náà. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lómi tó mọ́.”

Ó wò mí. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní, “Ọmọ mi, omi tí mo wá tọrọ nílé yín lánàá nìyẹn.”

Ẹ̀yin ará, ọmọ náà yè. Wọ́n fa omi sí i lára nílé ìwòsàn, ó sì padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójoojúmọ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú Ọlọ́run ló yọ ọ́, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Mo ti fi ogún ọdún kọ́ bí a ti ń wo ọmọ tí omi ti tán lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo fi àgádágodo ti omi tí kò ní jẹ́ kí ó ṣàìsàn. Ọmọ tó tò ní Mọ́kọ́lá ti di onílé.

OHUN TÓ BÁ OJÚ YÓÒ BÁ IMÚ

Bóyá ẹnì kan ń rò pé, “Ìyẹn jẹ́ ti ilé. Àwa ti kúrò níbẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Soho, ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù yìí. Ní ìparí oṣù kẹjọ 1854, àìsàn onígbá méjì bẹ́ sílẹ̀ ní òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Broad Street nígbà náà. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ènìyàn tó kú. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà ní òórùn búburú ló fà á. Dókítà kan, John Snow, ní rárá o, omi ni. Ó fi hàn pé ẹ̀rọ omi kan ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú ń lò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà fa omi níbẹ̀ mọ́.

Ẹnì kejì nínú ìtàn náà ni a kì í sábà dárúkọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, Henry Whitehead, igbákejì àlùfáà ní ìjọ Lúùkù Mímọ́ ní àdúgbò náà. Kò gba ọ̀rọ̀ dókítà yẹn gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, ó mọ ilé wọn. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Òun ló rí i pé ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn ní ojúlé 40, tí ìyá rẹ̀ fọ aṣọ ìdí rẹ̀, tí ó sì da omi ẹ̀gbin náà sínú kòtò tó wà nítòsí kànga tí ẹ̀rọ náà ń fà. Ìbẹ̀wò lásán ni, irú èyí tí àwọn alàgbà àti ẹgbẹ́ ìyá ń ṣe nínú ìjọ wa, ni ó fi rí òtítọ́.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Opó ọlọ́rọ̀ kan wà ní Hampstead, níbi tí afẹ́fẹ́ dára, tí àìsàn náà kò dé. Ó ti gbé ní Broad Street rí, ó fẹ́ràn omi ibẹ̀, nítorí náà wọ́n ń gbé ìgò rẹ̀ wá fún un. Ó mu ún, ó kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tó wá kí i láti Islington mu ún pẹ̀lú, òun náà kú. Òkè tí ó ń gbé kò gbà á. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ògiri kì í dí àìsàn lọ́nà.

Àní nínú ìjọ wa níbí, a kò dọ́gba. Ẹnì kan ń tan gbogbo iná ilé, ẹnì kan ń ṣírò owó tó kù nínú mítà kí ó tó wẹ ọmọ. Mo ti wọ ilé àwọn ìyá àgbà tó jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nínú ilé ara wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní ilé ìsìn, wọn kì í sọ. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sílé. Kí ẹ tó san owó géètì, ẹ fa ẹnu ẹ̀rọ kan sí ìta. N kò ní tàn yín jẹ, kò rọrùn. Èyí tí mo ṣe lẹ́yìn Kérésìmesì yẹn bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n sì jà lórí rẹ̀. Ohun tó tún un ṣe ni pé a pe àwọn àgbà òpópónà jọ, obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin méjì, a fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ló ń ṣí i ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, àwọn ló ń gba owó táṣẹ́rẹ́ fún àtúnṣe lọ́wọ́ ẹni tó bá ní, wọ́n sì ń fún opó lọ́fẹ̀ẹ́. A gbé pọ́ńpù sórí sólà kí epo má baà dá a dúró. Òkúta ṣì wà lẹ́nu kànga náà, ṣùgbọ́n àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ ló ń yí i. Ẹ sì rántí kí kòtò ilé ìgbẹ́ jìnnà sí bọ́hòòlù.

Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́lé, ṣùgbọ́n tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́. Ní ìgbà mìíràn tí ẹ bá pe ilé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ béèrè pé: Ta ló ń pọnmi yín? Aago mélòó ló ń jí? Ṣé ó tètè dé iléèwé? Ìdáhùn yóò sọ ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ṣe. Kí gbogbo ilé sì mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà: omi tó mọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí kò ga, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì tí kò ga. Kí wọ́n máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má dáwọ́ ọmú dúró, kí wọ́n sì gbé e lọ ilé ìwòsàn kíákíá bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí nǹkan le fún níbí. Ẹ má ṣe jókòó sínú òtútù nítorí ìtìjú. Láti 1999 ni òfin ti ka gígé omi ilé ènìyàn nítorí gbèsè léèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Wọ́n lè bá ọ wí nítorí gbèsè, wọn kò lè ti ẹnu ẹ̀rọ rẹ. Ètò kan wà tí à ń pè ní WaterSure fún ìdílé tó ń gba owó ìrànlọ́wọ́, tó ní mítà omi, tí ọmọ wọn pé mẹ́ta tàbí tí àìsàn mú kí wọ́n máa lo omi púpọ̀. Ilé iṣẹ́ iná àti omi tún ní Priority Services Register fún arúgbó, aláìsàn àti àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́. Bí kíkọ ìwé rẹ̀ bá ṣòro, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, a ó jọ kọ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, gbogbo wa nínú ìjọ. Ìkórè ń bọ̀. A ó ra aṣọ ẹgbẹ́, a ó se oúnjẹ, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ ìjọ ni pé kí a ya ìdá kan sọ́tọ̀ nínú ọrẹ ọjọ́ náà fún ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ní abúlé kan ṣoṣo, tí a ó mọ orúkọ àwọn tí ń lò ó, tí a ó sì máa béèrè lẹ́yìn ọdún kan, ọdún méjì, bóyá omi ṣì ń yọ. Mátíù 10, ẹsẹ 42, sọ fún wa pé èrè ife omi tútù kan kò ní sọnù. Bí ife kan bá ní èrè, ẹ̀yin ará, kí ni ti kànga?

Jákọ́bù kò dúró kí gbogbo agbo tó pé. Bí àwa bá ń dúró di ìgbà tí ìjọba bá ṣe tán, tí owó bá pọ̀, tí ilé wa bá parí, àgùntàn yóò kú síbi tó dùbúlẹ̀ sí, omi yóò sì wà nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, Ìwọ tí Ó jókòó lẹ́bàá kànga Jákọ́bù tí òùngbẹ ń gbẹ, tí Ó sì tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin, dárí jì wá nígbà tí O kan géètì wa tí a yíjú sógiri. Ṣí ojú wa kí a rí òkúta tí àwa fúnra wa gbé sílẹ̀. Fún wa ní agbára láti yí i. Rántí àwọn ọmọ tí yóò jí ní ìdájí ọ̀la pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí, kí o sì mú kí ọjọ́ kan dé, tí bàbá wọn yóò bi wọ́n tìyanu-tìyanu bí wọ́n ti ṣe tètè dé. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.